Ọwọ́ Kàsúmù Lára Rédíò Oníbàárà

Bí ẹ bá ń wá ẹni tí kò fẹ́ràn Kàsúmù láàárín àwọn atúnrédíòṣe ìlú Sokodé ní Tógò, ẹ má wulẹ̀ rìn jìnnà. Sàká ni. Àwọn yòókù gbà á bíi bàbá. Sàká ń pè é ní ẹ̀gbọ́n lójú, ó sì ń ṣọ́ ọ lẹ́yìn.

Kambolé ni wọ́n ti bí Kàsúmù, ọmọ àgbẹ̀ oníṣu. Ó rékọjá ààlà lọ kọ́ṣẹ́ rédíò ní Párákù, ó wá dó sí Komah, àdúgbò kan ní Sokodé. Ẹni tí irinṣẹ́ rẹ̀ bá bàjẹ́, Kàsúmù á yá a ní tirẹ̀, á sì fọwọ́ lẹ́rán títí onítọ̀hún á fi dá a padà. Nírọ̀lẹ́, kí wọ́n tó pe ìrun màgáríbà, á máa yà láti ìsọ̀ dé ìsọ̀, á kí èèyàn, á béèrè ọmọ, ọwọ́ rẹ̀ á sì máa lọ lára àwọn rédíò orí pẹpẹ. Ọwọ́ yẹn ni Sàká ń wò.

Iṣẹ́ náà ní òfin kan: ibi tí oníbàárà bá fi abẹ́rẹ́ tó ń tọ́ka ibùdó lára rédíò rẹ̀ sí, ibẹ̀ ni kó bá a. Ẹni tó bá yí i, wọ́n á ní ó fi rédíò onírédíò gbádùn ara rẹ̀. Àwọn oníbàárà Sàká sì ń ráhùn pé ẹnì kan ti sún abẹ́rẹ́ àwọn. Sàká mọ̀ pé kì í ṣe òun. Láyé ìgbà náà, orúkọ ààrẹ nìkan ṣoṣo ni rédíò Lomé fi ń kọrin ìyìn láràárọ̀. Ẹni tó bá fẹ́ mọ inú èèyàn, ibi tí abẹ́rẹ́ rẹ̀ wà ni kó wò, bóyá Àkrà ni, bóyá Lọ́ńdọ̀nù. Kí wá ni Kàsúmù ń wá lára rédíò ẹlòmíràn? Kòkòrò tó ń jẹ̀fọ́, ìdí ẹ̀fọ́ ló wà.

Lẹ́yìn ọdún tí ìbọn dún ní Lomé, tí ìjọba ní Àkrà ló rán àwọn tó yìn ín, àwọn èèyàn ìjọba wá mú Àlàó, ọ̀rẹ́ Kàsúmù tímọ́tímọ́, nínú ìsọ̀ rẹ̀. Wọ́n gbé òun àti rédíò kan sínú ọkọ̀, ó di àwátì. Kò sẹ́ni tó mọ ohun tó ṣe. Kàsúmù kò sí nílùú lọ́jọ́ náà, ó ti lọ wa iṣu ní Kambolé. Nígbà tó dé, ó sunkún bí ọmọdé, gbogbo èèyàn ń rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún. Sàká ò rẹ ẹnikẹ́ni lẹ́kún. Ó ń bi ara rẹ̀ pé ta ló sọ fún Kàsúmù kó kúrò nílùú lọ́jọ́ yẹn gan-an. Ìfura loògùn àgbà. Láti ìgbà náà, bí Kàsúmù bá ti yọ, Sàká á pa ẹnu dé.

Ibà ló pa Kàsúmù níkẹyìn. Àwọn atúnrédíòṣe há ara wọn mọ́nú ọkọ̀ kan, wọ́n gba Tchamba lọ sin ín ní Kambolé. Kí wọ́n tó gbé òkú jáde, lemọ́ọ̀mù ní kí ẹni tí olóògbé bá ṣẹ̀ dárí jì í, kó má baà gbé ẹrù náà dọ́dọ̀ Ọlọ́run. Gbogbo ẹnu dáhùn pé àwọn ti dárí jì í. Ẹnu Sàká kò mì. Kúbúrá, ìyàwó Kàsúmù, tó dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn, rí i.

Ọ̀sẹ̀ náà kò tíì parí nígbà tí ọkùnrin onígíláàsì dúdú kan wọ ìsọ̀ Sàká. Ilé iṣẹ́ tí kò ní pátákó lẹ́nu ọ̀nà ló ń bá ṣiṣẹ́, gbogbo Komah sì mọ̀ ọ́n. Kò kí ẹnikẹ́ni. Ó fa pílì, òkúta rédíò, yọ látinú àpò, ó ń kì í bọ rédíò kọ̀ọ̀kan, ó ń tàn án.

“Kí lẹ ń wá, ṣẹ́ẹ̀fù?” Sàká béèrè.

“Ohun tá a bá lọ́dọ̀ Àlàó. Rédíò tó ń sọ Àkrà.”

Rédíò àkọ́kọ́ sọ Lomé. Èkejì sọ Lomé. Èyí tó tẹ̀ lé e jẹ́ ti olùkọ́ kan tí kì í gbọ́ ohun mìíràn ju Haúsá Lọ́ńdọ̀nù lọ. Òun náà ń kọrin ìyìn bíi tàwọn yòókù. Ibẹ̀ lọ̀rọ̀ ti yé Sàká. Kàsúmù kò ṣọ́ abẹ́rẹ́ ẹnikẹ́ni. Ṣe ló ń yí gbogbo rẹ̀ sí Lomé.

Ó wá ku ẹyọ kan. Lẹ́yìn ikú Kàsúmù ni wọ́n gbé e wá, ọwọ́ rẹ̀ kò kàn án. Sàká sáré gbé e.

“Ẹ jẹ́ n bá yín ki pílì sí èyí, ìdí rẹ̀ le.”

Bó ṣe ń ṣí ìdí rẹ̀, àtàǹpàkò rẹ̀ ń yí kókó abẹ́rẹ́ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́. Lomé ló sọ. Ọkùnrin náà kó pílì rẹ̀, ó bá tirẹ̀ lọ.

Lọ́jọ́ kejì, Sàká ti wà ní Kambolé, níwájú Kúbúrá tó ń yín àgbàdo.

“Ìyá Àmínátù, mo wá sọ ohun tí n kò sọ lọ́jọ́ ìsìnkú.”

“Mo rí yín lọ́jọ́ náà,” ni Kúbúrá wí. “Ẹ fura sí i. Òun náà mọ̀.”

“Kí ló dé tí kò sọ fún mi pé òun ń yí abẹ́rẹ́ wa sí Lomé?”

“Ó sọ fún ẹnì kan rí. Àlàó ni. Láti ìgbà tí Àlàó ti mọ̀, kò wo abẹ́rẹ́ fúnra rẹ̀ mọ́, ọkọ mi ló gbọ́kàn lé. Ọjọ́ tọ́kọ mi wá wa iṣu, kò sẹ́ni tó bá a yí i.” Kúbúrá mú àgbàdo mìíràn. “Mo ní, Sàká ń ṣe bí ẹni pé ìwọ lo pa Àlàó. Ó ní òun lòun pa á. Ó ní kí n fi yín sílẹ̀, kí ẹ máa fura, kí ẹ máa panu mọ́. Ó ní ẹni tó bá ń fura kò ní tètè bọ́ sí wọn lọ́wọ́.”

Ìdáríjì tí Sàká gbé wá láti Sokodé kò ṣeé sọ mọ́; òun gan-an ló yẹ kó tọrọ rẹ̀. Ó fa agbọ̀n àgbàdo sọ́dọ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí yín in, kò sì lè gbójú sókè wo obìnrin náà.