Bí Mo Ṣe Gbé Ìbọn Wọ Ìlú Tí Odò Ti Ń Sùn

Mo rántí ìgbà tí mo kú. Ẹ má tíì rẹ́rìn-ín, ẹ jẹ́ kí n jókòó dáadáa ná. Ọ̀sán gangan ni, nínú Àjàṣẹ́ wa yìí tí àwọn ará ọ́fíìsì ń pè ní Porto-Novo. Mo wà lẹ́yìn zẹmijàn, ọ̀kadà tiwa, láti Djègan-Kpèvi, mo ń lọ sílé wa ní Akron. Sójà ni mí nígbà náà, sójà tuntun tí bàtà rẹ̀ ṣì ń dán, ìbọn ìjọba wà léjìká mi, mo sì ti bẹ ẹni tó ń gbé mi lọ pé kó gba iwájú ilé ọmọbìnrin kan kọjá, kí ọmọbìnrin náà lè rí bí ìbọn ṣe yẹ mí tó. Ọmọbìnrin kò jáde. Kàmíọ̀n tó ru ọsàn ló jáde. Ohun tí mo rí kẹ́yìn láyé yìí ni ọsàn: ọsàn lókè, ọsàn nílẹ̀, àti ọsàn kan tó ń yí lọ jẹ́jẹ́ bí ẹni pé ọ̀rọ̀ náà kò kàn án.

Àwọn àgbà ilé wa máa ń sọ pé ẹni tó kú tí ọjọ́ rẹ̀ kò pé kì í lọ sọ́run tààrà. Ìlú jíjìn ló ń lọ, á dáko níbẹ̀, á fẹ́yàwó, á máa jẹ̀gbádùn tirẹ̀. Àkúdàáyà ni wọ́n ń pè é. Òfin kan ṣoṣo ló de é: ẹni tó mọ̀ ọ́n láyé àkọ́kọ́ kò gbọdọ̀ rí i kó pè é. Bí ó bá pè é tí òun náà sì jẹ́, ó parí, ẹnikẹ́ni kò ní rí i mọ́ níbẹ̀. Èmi tí mo ti kàwé dé lísé, yẹ̀yẹ́ ni mo máa ń fi ọ̀rọ̀ yìí ṣe. Ìgbà tí mo la ojú létí odò kan tí n kò mọ̀, tí ìbọn ṣì wà léjìká mi, tí ewúrẹ́ kan sì bi mí pé, "Ṣé àlàáfíà ni ẹ dé?", mo tọrọ àforíjì lọ́wọ́ gbogbo àgbà Akron níbi tí mo dùbúlẹ̀ sí.

Ẹ gbọ́ irú ìlú tí mo bọ́ sí! Bí ẹ kò bá kí ilẹ̀kùn, kò ní ṣí. Bí oòrùn bá kan àtàrí, odò ìlú á dìde, á rọra wọ́ ara rẹ̀ kúrò nínú ẹrẹ̀, á lọ dùbúlẹ̀ sábẹ́ igi, á sùn fọnfọn. Bèbè tó bá sùn sí ni ẹja máa ń kún. Ìlú méjì ló dojú kọra wọn létí odò yìí, oorun rẹ̀ ni wọ́n sì ń jà dù. Ọ̀rọ̀ ẹnu ni wọ́n fi ń jagun. Ohun gbogbo níbẹ̀ ló ní orírun, ẹni tó bá mọ orírun nǹkan, tó sì pè é bó ṣe yẹ, nǹkan náà á gbọ́ tirẹ̀. Àwọn àgbà ìlú méjèèjì á dúró, wọ́n á máa da ọ̀rọ̀ lura wọn. Ẹni tí ọ̀rọ̀ bá mú á di àgùntàn títí di ìrọ̀lẹ́. Bí ìrọ̀lẹ́ bá dé, á padà di ènìyàn, á lọ jẹun, ẹnu rẹ̀ á sì máa rùn koríko.

Obìnrin tó ń kọrin fún odò kó tó sùn ní bèbè tiwa ni mo fẹ́. Ó ní òun gbà fún mi nítorí pé èmi nìkan ni ọkùnrin ìlú tí kò tíì di àgùntàn rí. N kò fi nǹkan kan pa mọ́ fún un. Mo sọ ti Àjàṣẹ́, mo sọ ti ọsàn, mo sọ òfin tó dè mí.

Ọjọ́ ogun àkọ́kọ́ mi, mo jáde, mo yọ àyà síta, mo yin ìbọn sókè. Gbàù! Ìlú méjèèjì dojú bolẹ̀. Odò ta jí, ó fò dìde, ó sá wá sí bèbè tiwa tòun ti ẹja inú rẹ̀. Olórí àwọn ará òdìkejì dìde, ó na ọ̀pá sí ìbọn mi, ó ní, "Mo mọ ìyá rẹ! Mo mọ bàbá rẹ!" Irọ́ ni. Ta ni yóò mọ bàbá ohun tí ẹ̀rọ bí nílùú òyìnbó? Gbogbo ọ̀rọ̀ rẹ̀ yọ̀ kúrò lára ìbọn bí omi lára ewé kókò. Wọ́n gbé mi sórí yí ìlú ká. Wọ́n fi mí joyè. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í rìn bí ẹni tí ilẹ̀ ń bẹ̀.

Ìyàwó mi nìkan ni kò jó.

"Bàbá Ìbọn," ló wí lọ́jọ́ kan, bó ṣe ń ha ìpẹ́ ẹja, "èmi ń fún odò lóorun, ìwọ ń jí i."

"Ẹja kún ilé, o ṣì ń ráhùn!"

"Wo ojú wọn." Ó gbé ẹja kan sókè sí mi. "Ojú ẹni tí kò sùn ló wà lójú gbogbo wọn." Ó fi ọwọ́ pa ikùn rẹ̀ tó ti ń yọ. "Èmi kọ́ ni mo ní kí o má jẹ́ kí òkìkí rẹ jìnnà. Ìwọ lo sọ ọ́ fún mi. Ẹni tó ń sá pa mọ́ kì í lu agogo."

Mo ní kó fọkàn balẹ̀, pé ta ni yóò ti Àjàṣẹ́ wá síbẹ̀. Ẹ wo ọgbọ́n sójà! Mo gbàgbé pé èmi nìkan kọ́ ló kú rí ní Akron.

Àwọn ará òdìkejì ti ń wá ẹni tó mọ orírun igi tó ń sán ààrá káàkiri. Nígbà tí wọ́n padà wá, tí mo sì ti gbé ìbọn sójú, obìnrin àgbà kan jáde láti àárín wọn, ìborùn lórí, ó ń bọ̀ bí ẹni tó fẹ́ lọ gba abọ́ rẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tó yá a. Mo mọ ìrìn yẹn. Táńtì mi ni, ẹ̀gbọ́n bàbá mi, oní-dùndún, ẹni tí mo jẹ ẹran fídáù rẹ̀ títí inú fi run mí.

"Nǹkan dúdú yẹn?" ló ń wí fún olórí wọn, ohùn rẹ̀ la odò kọjá. "Ṣebí iwájú báńkì ni wọ́n ń gbé e dúró sí nílùú wa. Ẹ fara balẹ̀. Ẹni tó ń gbé e, oorun ló máa ń sùn."

Kò tíì rí mi, oòrùn wà lójú rẹ̀. Bí mo bá yíjú sẹ́yìn báyìí, bí mo bá fi ewé bojú, ọjọ́ á lọ, n óò padà sílé lọ jẹ ẹja tí kò sùn, n óò sì rí ọmọ mi. Mo mọ èyí dáadáa. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin tí wọ́n tọ́ nílé wa, ẹ bá mi sọ òótọ́: ta ló ń rí ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ tó ń dúró ṣánṣán? Ara mi kò bi mí léèrè. Níṣojú ogun méjì, mo na tán gbalaja sínú ẹrẹ̀, ìbọn lọ lọ́tọ̀, fìlà lọ lọ́tọ̀.

"Ẹ kú ọ̀sán o, Táńtì!"

Ewúrẹ́ kan rẹ́rìn-ín. Táńtì fi ọwọ́ méjèèjì bo ẹnu. Òun náà mọ òfin, òun náà ti ní ilé níbẹ̀ àti ọkọ tó ń bá a bẹ iṣu. Mo rí i bó ṣe ń gbé oríkì mi mì, tó ń gbé e mì. Àmọ́ obìnrin ilé wa wo ni ọmọ yóò dọ̀bálẹ̀ fún, tí kò ní kì í? Ó já bọ́ lẹ́nu rẹ̀. Ó pe oríkì mi, ó fi ti bàbá mi kún un, ó fi ti ilé wa kún un, ó sì fi parí rẹ̀ pé, "Dìde nílẹ̀, ọmọ mi! Ta ló ń fún ọ lóúnjẹ? O mà rù o!"

Mo ní, "Mà á."

Mo yíjú. Ìyàwó mi dúró létí omi, ó la ẹnu láti pè mí padà. Bàbá Ìbọn tí òun mọ̀ kọ́ ni ilé sọ mí.

Omi tútù ló jí mi. Aáfà ló ń wẹ òkú mi, kí wọ́n lè sin mí kí ìrun Alásárì ọjọ́ tí mo kú yẹn tó tó. Mo jókòó, mo kí i. Títí di òní, ẹsẹ̀ bàtà rẹ̀ kan ṣì wà nílé wa. Lọ́jọ́ kejì, ọ̀gá mi dé.

"Ìbọn ìjọba dà?"

"Létí odò, Kọmandáǹ."

"Odò wo?"

"Èyí tó ń sùn."

Ó wo orí mi tí wọ́n fi aṣọ dì, ó mí kanlẹ̀. Wọ́n yọ mí lẹ́nu iṣẹ́ ológun pẹ̀lú àánú, bí mo ṣe di olùkọ́ nìyẹn. Lọ́sẹ̀ yẹn náà ni ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi bí ọmọbìnrin kan. Ní ọjọ́ ìkómọ, wọ́n gbé e fún mi, ó wo ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi tó jìn, ó sì pòṣé. Mo dọ̀bálẹ̀ fún un. Àwọn ará ilé ní orí mi kò tíì bọ̀ sípò.

Ó ti pẹ́. Mo ti fẹ́yàwó níhìn-ín, obìnrin rere. Ó ń ka ohun tí mo ń kọ yìí láti ẹ̀yìn mi, ó ní kí n kọ ọ́ síbẹ̀ pé òun ní ìyálé tí òun kò rí rí, òun sì kí i. Nígbà mìíràn, bí oòrùn bá kan àtàrí tí àwọn ọmọ ilé-ìwé ti lọ, mo máa ń rò ó bóyá odò ti ń rí oorun sùn báyìí, àti ẹni tí ọmọ mi níbẹ̀ jọ. Mo sì máa ń sọ fún ara mi pé bí mo bá tún débẹ̀, n óò kọ́ bí a ti ń dúró.

Lọ́jọ́ kan láìpẹ́ yìí, ní ẹnu ibodè Kraké, láàárín àwọn oníṣòwò àti ẹrù wọn, mo rí obìnrin àgbà kan tó ń bọ̀ tòun ti ìborùn lórí. Àyà mi ti kan ilẹ̀ kí n tó rí i pé n kò mọ̀ ọ́n rárá. Ó ṣàdúrà fún mi, ó ní kí n máa pẹ́ láyé, ó sì bá tirẹ̀ lọ.