Òkú Tí Páìpù Epo Lé Wá Sílé

Ẹ̀rù òkú máa ń bà mí. Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ọ́, kí ẹ má baà máa pè mí ní akọni tí ẹ bá kà á tán. Iná kò bà mí lẹ́rù rí. Ìtòsí Ọjà Akẹ̀sán ní Ọ̀yọ́ ni mo ti kọ́ṣẹ́ wẹ́dà, ọ̀gá mi sì máa ń sọ pé òun ò rí irú mi: ẹni tó ń ki ọwọ́ bọ iná, ṣùgbọ́n tí pósí bá kọjá lójú títì, abẹ́ tábìlì ni wọ́n ti ń wá a.

Mo ní ṣọ́ọ̀bù ní Sábó, Ògbómọ̀ṣọ́, báyìí, géètì ni mo ń jó. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ tí mo fi ń yangàn ni ti páìpù epo rọ̀bì tó ti ilẹ̀ Nìjẹ̀ gba ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ dé etí òkun. Àwọn kan á gbẹ́ kòtò lọ bí ejò, àwa wẹ́dà á jó ẹnu páìpù kan mọ́ ẹnu èkejì. Ibi tí méjèèjì ti pàdé ni à ń pè ní jọ́ìntì. Wọn á fi ẹ̀rọ ẹ́sírèé wò ó bí ẹni ń wo àyà aláìsàn. Bó bá ní àléébù bíńtín, wọn á gé e, ojú á sì tì ọ́. Lẹ́yìn náà ni ilẹ̀ á bò ó.

Nítòsí Ṣábẹ̀ẹ́, ní ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀, ni ìlà páìpù wa ti kan ilẹ̀ ìsìnkú àwọn ará Ògbómọ̀ṣọ́. Ẹ mọ̀ wá. Bí ènìyàn bá rìn dé ibi tí ayé parí sí, á bá ará Ògbómọ̀ṣọ́ kan níbẹ̀ tó ti pàtẹ ọjà. Ilé-iṣẹ́ ní kí kálukú wá kó òkú rẹ̀, àwọn á pèsè ọkọ̀. Opó kan, Ìyá Bíọ́dún, oníṣòwò aṣọ, ní ilé ni kí ọkọ òun lọ, òun ò tún un sin sílẹ̀ àjèjì mọ́.

Fọ́mànù, ọ̀gá wa níbi iṣẹ́, bèèrè pé, "Ta ló mọ ọ̀nà Ògbómọ̀ṣọ́ níbí?"

Gbogbo ojú yí sí mi. Mo ní orí ń fọ́ mi.

Ó ní, "Orí ọ̀hún á sinmi nínú ọkọ̀."

Ikán ti jẹ gbogbo igi tí wọ́n fi ṣàmì sí ojú oórì. Ìyá na ìka sí ìdí igi kaṣú kan, wọ́n gbẹ́ ẹ, wọ́n kó egungun sínú àpótí. Èmi kọ ẹ̀yìn sí wọn, mo ń wo ewé kaṣú bí ẹni tó fẹ́ rà á.

Iwájú ni mo jókòó sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ dírẹ́bà. Ìyá wà lẹ́yìn pẹ̀lú àpótí. Ní ẹnubodè, aṣọ́bodè bèèrè ohun tó wà nínú rẹ̀. Mo kọjú sí fèrèsé. Ìyá ló dáhùn pé, "Ọkọ mi ni."

Ó yẹ ìwé wa wò, ó ṣí fìlà. "Ẹ kú ìrọ́jú, Ìyá. Èyí tó jókòó síwájú yìí ńkọ́?"

"Ẹni tó ń bẹ̀rù ọkọ mi nìyẹn."

Gbogbo ìlú tí a kọjá ni Ìyá ń ròyìn fún àpótí. "Bàbá Bíọ́dún, a ti dé Ṣakí o." "Bàbá Bíọ́dún, Ìséyìn rèé." Mo ṣáà ń retí kí ẹnìkan dá a lóhùn.

Ní Ọ̀yọ́, a dúró ní Akẹ̀sán, ó ra aṣọ funfun. Nígbà tí ó padà wọ ọkọ̀, kò sọ fún Bàbá Bíọ́dún pé a ti dé Ọ̀yọ́.

Mo ní, "Ìyá, ó rẹ̀ yín ni?"

"Ọmọ mi, igi kaṣú méjì ló wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí a sin ín. Wọ́n ti gé ọ̀kan. Èmi ò mọ èyí tí wọ́n gé." Ó fi etí gèlè nu ojú. "Bó bá jẹ́ ọkọ ọlọ́kọ ni mo ń bá sọ̀rọ̀ láti àárọ̀ ńkọ́?"

Mo sọ̀ kalẹ̀, mo lọ jókòó tì í lẹ́yìn, àpótí wà láàárín wa, ó sì di Ògbómọ̀ṣọ́.

Ní agbo ilé ọkọ rẹ̀, wọ́n ti gbẹ́ ilẹ̀ sílẹ̀. Pásítọ̀ ti ṣí ìwé. Ẹ̀gbọ́n olóògbé jókòó sórí àga, ojú rẹ̀ kò ríran mọ́. Ìyá kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi, mo mú wọn dé. Ṣùgbọ́n mi ò lè búra pé àwọn ni."

Bàbá àgbà náà bèèrè pé, "Ta ló bá ọ wá?"

"Wẹ́dà kan ni."

"Kí wẹ́dà fọwọ́ wá egungun ojúgun òsì fún mi."

Mo ní, "Bàbá, ẹ̀yin náà lọ́wọ́."

"Ọwọ́ mi ń gbọ̀n."

"Tèmi náà ń gbọ̀n, Bàbá."

Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Mo dijú, mo tọwọ́ bọ àpótí, mo wá a kàn. Mo fi ìka tọ̀ ọ́ láti òkè wá sísàlẹ̀. Ní agbedeméjì, ìka mi gun orí ohun kan tó wú díẹ̀, tó yí egungun náà ká, tó dán. Kò sí ihò, kò sí ibi tó sán. Mo lajú.

"Bàbá, ẹsẹ̀ yìí ti kán rí. Ẹnìkan ló tò ó."

"Bàbá wa ni." Ohùn rẹ̀ já. "Teguntegun ni bàbá wa. Orí igi máńgòrò ni àbúrò mi ti já bọ́. Ó tò ó dáadáa bí?"

"Ẹ̀rọ ẹ́sírèé wa ì báà wò ó títí, kò ní rí nǹkan tí wọn á gé."

Bàbá rẹ́rìn-ín bí ọmọdé tí wọ́n yin bàbá rẹ̀. Ìyá Bíọ́dún wá bú sẹ́kún. "Gbogbo ìgbà òjò ni mo ń fi òrí pa ẹsẹ̀ yẹn fún un. Mi ò mọ̀ pé ó lè jẹ́rìí!"

Pásítọ̀ gbàdúrà. Gbogbo ènìyàn ní àmín. Kò sí ẹni tó mira. Mo wò yíká, mo rí i pé èmi ni wọ́n ń wò.

Bàbá fọwọ́ tọ́ mi lápá. "Wẹ́dà, fi ẹsẹ̀ àbúrò mi sílẹ̀, kí a lè tẹ́ ẹ."