Ìwé Èèwọ̀ Kan fún Gbogbo Aláìsàn

Kíákíá ni wọ́n ń pe àbúrò mi ọkùnrin. Òun fúnra rẹ̀ ló sọ ara rẹ̀ bẹ́ẹ̀, ó sì ń fi yangàn. Bí ẹ bá bi í ní ọ̀rọ̀, ìdáhùn á ti jáde kí ìbéèrè tó parí. Bóyá ìdáhùn bá ìbéèrè mu, ìyẹn kì í ṣe iṣẹ́ tirẹ̀.

Iṣẹ́ tirẹ̀ ni kó máa kọ ètò fún kọ̀ǹpútà. Ilé ìwòsàn tí mo ti ń tọ́jú káàdì aláìsàn láti ọdún mọ́kànlélógún gbà á, kí wọ́n fi oṣù kan dán iṣẹ́ rẹ̀ wò. Lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ wọ yàrá mi, ó wo àwọn káàdì páálí mi, ó rẹ́rìn-ín.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jẹ́ ká fi nǹkan wọ̀nyí dáná."

"Kò burú. Kọ́kọ́ ṣàlàyé tìrẹ ná."

Ó ní òun kọ pátáánì kan, bí èyí tí télọ̀ fi ń gé aṣọ. Bí aláìsàn bá dé, kọ̀ǹpútà á gé káàdì tuntun láti ara pátáánì náà: orúkọ, ọjọ́ orí, àti ìwé èèwọ̀, ìyẹn òògùn tí ara onítọ̀hún kò gbà.

Mo ní, "Ṣé káàdì tuntun kọ̀ọ̀kan á ní ìwé èèwọ̀ tirẹ̀, tó ṣófo?"

"Ẹ̀yin àgbà, ẹ ti fẹ́ràn àníyàn jù. Á ní in."

Ọlọ́gbọ́n ọmọ! Ìwé èèwọ̀ kan ṣoṣo ló ṣe, ara pátáánì ló sì lẹ̀ ẹ́ mọ́. Gbogbo káàdì tó ń jáde, ìwé kan náà ni wọ́n jọ ń wò. Èmi kò ṣáà dáná. Ohun tí a bá kọ sínú kọ̀ǹpútà, mo ń kọ ọ́ sí páálí.

Ní ọ̀sẹ̀ kejì, a kọ ọ́ sí káàdì ọlọ́dẹ wa pé ara rẹ̀ kò gba abẹ́rẹ́ tó ń pa ìrora. Kí ọ̀sán tó pọ́n, kò sí aláìsàn kan tí ara rẹ̀ tún gbà á. Ọmọ tí wọ́n bí láàárọ̀ náà, èèwọ̀ mọ́kànlá ló mú wá sáyé. Ọkùnrin kan tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kán ń ké ní wọ́ọ̀dù, nọ́ọ̀sì kò sì jẹ́ gún un lábẹ́rẹ́, àfi ìgbà tí mo gbé páálí rẹ̀ jáde.

"Àbí ìyá kan náà ló bí gbogbo wọn ni?" nọ́ọ̀sì bi mí.

Dókítà àgbà pe Kíákíá. "Bí káàdì wọ̀nyí kò bá tọ́ di ọ̀la, gbé báàgì rẹ, kí o máa lọ."

Àtúnṣe pátáánì kò gbà á ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ: ó ní kí káàdì kọ̀ọ̀kan máa gba ìwé tirẹ̀ nígbà tí a bá ń dá a. Ìyẹn dára fún àwọn tó ń bọ̀. Káàdì mẹ́rìnlá lé nígba tó ti wà nílẹ̀ ńkọ́? Èèwọ̀ wọn ti yọ́ sínú ara wọn bí iyọ̀ inú omi. Kọ̀ǹpútà kò mọ èyí tó jẹ́ ti ta ni.

Kíákíá wá dúró lẹ́nu ọ̀nà mi. "Ẹ̀gbọ́n mi àtàtà..."

"Ṣé o wá dáná ni? Ìṣáná wà lórí tábìlì."

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bú mi mọ́. Páálí ni mo wá tọrọ."

Mo fún un ní àga. "Ọ̀kọ̀ọ̀kan. Kà á sókè, kí n gbọ́."

Ó ń kà á, ó sì ń tẹ̀ ẹ́ sínú kọ̀ǹpútà, títí di ìrọ̀lẹ́. Níbi tó bá ti fẹ́ sáré, mo ní kó padà sẹ́yìn. Lọ́jọ́ kejì, dókítà yẹ̀ ẹ́ wò, kò rí àṣìṣe kankan.

Báàgì Kíákíá ṣì wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn yàrá mi. Páálí mi náà ṣì wà. Òun ló ń nu eruku ara wọn báyìí, jẹ́jẹ́.