Ẹ́ńjìnnì Tí Mo Fọ̀ Nítorí Àárò Ìyá Mi

Mo rántí ìgbà tó jẹ́ pé inú kásẹ́ẹ̀tì ni ìyá mi ń gbé. Àbíjàn ni wọ́n wà ní tòótọ́, tí wọ́n ń ta aṣọ lọ́jà, ṣùgbọ́n fún àwa tá a wà ní Èjìgbò, inú kásẹ́ẹ̀tì la ti ń gbọ́ ohùn wọn. Ẹni tó bá ń ti ọ̀hún bọ̀ ló máa ń bá wọn mú un wá, bàbá mi á sì kó gbogbo wa jọ sí pálọ̀ tá a bá ti kírun ìrọ̀lẹ́ tán. Ìyá mi á kí wa lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n á bèèrè bóyá mo ti sanra, wọ́n á wá fi ìbéèrè kan náà parí ọ̀rọ̀: "Bàbá àwọn ọmọ, ìgbà wo lẹ ń bọ̀ wá mú mi o?" Bàbá mi á rẹ́rìn-ín, wọ́n á yí kásẹ́ẹ̀tì náà sẹ́yìn, wọ́n á tún gbọ́ ìbéèrè yẹn lẹ́ẹ̀kan sí i.

Ìlérí kan ló wà láàárín àwọn méjèèjì. Nígbà tí wọ́n ń kúrò ní Èjìgbò, tí ìyá mi ṣì jẹ́ ìyàwó tuntun, orí ẹrù nínú ọkọ̀ akẹ́rù ni wọ́n jókòó sí títí wọ́n fi dé Àbíjàn. Ọjọ́ tí bàbá mi ra ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ níbẹ̀, wọ́n sọ fún ìyá mi pé, "Orí ẹrù lo gbà jáde nílùú, iwájú ọkọ̀ mi lo máa gbà wọlé." Bàbá mi fi ọkọ̀ náà kó èmi àti àbúrò mi obìnrin wálé, wọ́n ní àwọn fẹ́ parí ilé kí àwọn tó padà lọ mú ìyá wa. Ẹni tó bá mọ ìlú wa á mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe eré. Tí ará Àbíjàn bá ń bọ̀ wálé, ohun tó gùn wọlé làwọn aládùúgbò ń wò kí wọ́n tó wo ojú rẹ̀.

A parí ilé náà ní ọdún tí mo gba fúrídọ̀mù iṣẹ́ mẹkáníìkì ní Ìbàdàn. Ọdún kẹrin rèé tí mo ti fojú rí ìyá mi gbẹ̀yìn. Mo padà sí Èjìgbò pẹ̀lú fọ́tò ńlá kan tí mo ti gbé sípánà dání bí ẹni tó fẹ́ bá ènìyàn jà. Bàbá mi ní tá a bá ti ṣe Iléyá tán, àwọn máa gba ọ̀nà Àbíjàn lọ, kí n bá àwọn yẹ ọkọ̀ wò. Ọkọ̀ náà ti rìn jìnnà. Kí bàbá mi tó rà á, ó ti ná ọ̀nà yẹn lọ, ó ti ná an bọ̀, débi pé nọ́ńbà tó ń ka ìrìn rẹ̀ ti yí padà sí òdo, ó sì ti tún bẹ̀rẹ̀.

Ọ̀gá mi ní Ìbàdàn kì í yí ọ́ìlì ọkọ̀ kankan láìkọ́kọ́ da dísẹ́lì sínú ẹ́ńjìnnì, kí ó tan án fún ìṣẹ́jú díẹ̀, kí ó tó tú gbogbo rẹ̀ dànù. Ohun tí mo fẹ́ ṣe fún ọkọ̀ bàbá mi náà nìyẹn. Ṣùgbọ́n ọ̀rẹ́ bàbá mi kan wà, mẹkáníìkì àgbà tí ṣọ́ọ̀bù wọn wà lójú ọ̀nà ìlú Ola, wọn ò sì gbà rárá.

"Ẹ má jẹ́ kó fọ̀ ọ́ o," ni wọ́n sọ fún bàbá mi. "Ọkọ̀ tó ti rìn tó báyìí, ìdọ̀tí ti lẹ̀ mọ́ ọn nínú. Tí gbogbo ẹ̀ bá ṣí lẹ́ẹ̀kan náà, ibo ló fẹ́ gbà? Ẹ tú ọ́ìlì nígbà tó bá ṣì gbóná, ẹ rọ tuntun sí i. Ẹ wà á dé ìlú Ara bí ẹ̀ẹ̀mẹ́ta, kẹ́ ẹ tún yí i. Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà."

Bàbá mi ní bẹ́ẹ̀ náà la máa ṣe é. Èmi ń rò ó nínú mi pé ayé ti lajú kọjá bàbá yìí. Wọ́n ní bí ọmọdé láṣọ bí àgbà, kò lè lákìísà bí àgbà, ṣùgbọ́n ta ló fẹ́ pa irú òwe yẹn fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba fúrídọ̀mù? Kí n má purọ́, ìgbéraga nìkan kọ́. Àárò ìyá mi ń sọ mí gan-an. Mo fẹ́ kí ọkọ̀ tó máa gbé wọn wálé máa lọ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, kí wọ́n bèèrè pé ta ló tún un ṣe, kí bàbá mi sì nawọ́ sí mi.

Lọ́jọ́ Jímọ́ọ̀ kan tí bàbá mi lọ kírun, mo da dísẹ́lì sí i. Nígbà tí mo tú u, ohun dúdú tó ki ló ń jáde, inú mi dùn débi pé mo pe àbúrò mi kó wá wò ó. Mo rọ ọ́ìlì tuntun sí i, ẹ́ńjìnnì náà sì ń dún múlọ́múlọ́. Nígbà tí bàbá mi dé, tí wọ́n gbọ́ ọ, wọ́n lù mí lẹ́yìn, wọ́n fi Faransé sọ pé ó dáa: "Sé bọ̀n, ọmọ mi!" N kò sọ ohun tí mo ṣe fún wọn.

Lọ́jọ́ Àìkú, a wa ọkọ̀ náà lọ sí Ara, kí bàbá mi lè dágbére fún ẹ̀gbọ́n wọn. Bá a ṣe ń padà bọ̀, iná pupa ọ́ìlì tàn níwájú wa. Èmi ọ̀gá mẹkáníìkì ní kí bàbá mi máa wà á lọ, pé wáyà ló ń ṣe é. Kò pẹ́ tí ẹ́ńjìnnì fi bẹ̀rẹ̀ sí í dún kọ́ kọ́ kọ́, ó sì kú sí àárín oko.

Ṣọ́ọ̀bù ọ̀nà Ola ni wọ́n fà á lọ. Mẹkáníìkì àgbà tú ìsàlẹ̀ ẹ́ńjìnnì, wọ́n yọ asẹ́ kékeré tó fi ń fa ọ́ìlì mu. Ìdọ̀tí tí dísẹ́lì ṣí ti dí i pa, ọ́ìlì kò ráyè gòkè mọ́, ẹ́ńjìnnì sì ti bàjẹ́ kọjá àtúnṣe. Wọ́n fi ìka kàn án, wọ́n gbóòórùn rẹ̀, wọ́n wò mí. "Dísẹ́lì mélòó lo dà sí i?"

Mo dọ̀bálẹ̀ fún bàbá mi nínú ọ́ìlì ilẹ̀ ibẹ̀. Mo ti ń retí ìgbájú. Bàbá mi kàn ń wo asẹ́ yẹn. Wọ́n ní, "Dìde. Àárò ìyá ẹ ló ṣe ẹ́. Ó ń ṣe èmi náà."

Bàbá mi ì bá wọkọ̀ èrò lọ mú ìyá mi, ṣùgbọ́n ìlérí ni ìlérí lójú wọn. Wọ́n ní kí mẹkáníìkì àgbà bá àwọn wá ẹ́ńjìnnì mìíràn láti Kútọnu. Èyí tó kọ́kọ́ dé kò bá a mu, èkejì kò dé rárá. Ohun tí bàbá mi ń gbà sínú kásẹ́ẹ̀tì fún ìyá mi ni pé ọkọ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dáa. Báyìí ni ọdún kan lọ, tí ọdún kejì ń lọ. Lọ́jọ́ kan kásẹ́ẹ̀tì kan dé tí kò ní ìbéèrè yẹn nínú. Ìyá mi kí wa, wọ́n ní kí Ọlọ́run ṣọ́ wa, ó parí. Bàbá mi yí i sí ojú kejì, wọ́n ń wá ìbéèrè náà, òfìfo ni wọ́n bá níbẹ̀.

Oṣù díẹ̀ lẹ́yìn ìyẹn, lọ́sàn-án gangan, ìyá mi bọ́ sílẹ̀ ní gáréèjì, wọ́n fẹsẹ̀ rìn wálé, ọmọlanke ń kó ẹrù wọn bọ̀ lẹ́yìn. Wọ́n bá ọkọ̀ náà lábẹ́ igi níwájú ilé, adìyẹ ti sàba lórí àga iwájú. Mo sáré dọ̀bálẹ̀, mo jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀ kí wọ́n tó mu omi.

"Ìwọ lo fọ ẹ́ńjìnnì," ni ìyá mi wí, "bàbá ẹ ló jókòó tì í." Wọ́n wá kọjú sí bàbá mi. "Bàbá àwọn ọmọ, ṣé mo ní mọ́tò ló ń wù mí ni? Ẹ̀yin ni mò ń retí. Ká ní ẹ fẹsẹ̀ rìn wá, ǹ bá bá yín fẹsẹ̀ rìn padà."

Bàbá mi fi etí aṣọ nu ojú. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo rí omi lójú wọn nìyẹn.

Ààwẹ̀ mẹ́rin péré ni wọ́n jọ gbà nínú ilé yẹn kí bàbá mi tó kú. Lálaalẹ́ ni wọ́n máa ń jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, tí wọ́n á máa sọ Faransé kí á má baà gbọ́, tí wọ́n á máa rẹ́rìn-ín. Ìyá mi náà ti lọ báyìí. Èmi náà ti dàgbà nídìí iṣẹ́ yìí, tí wọ́n bá sì gbé ọkọ̀ tó ti rìn jìnnà wá, tí wọ́n ní kí n fọ inú rẹ̀, mo máa ń kọ̀, àwọn kan á bínú lọ. N kì í ṣàlàyé púpọ̀ fún wọn. Ààwẹ̀ mẹ́rin ni wọ́n rí gbà pọ̀. Ká ní mo gbọ́ràn, ì bá jẹ́ mẹ́fà.