Àgbà Tó Dúró Nídìí Tábìlì

Wọ́n máa ń sọ fún mi pé eré ni biyáàdì, pé kò sí ẹni tó lórí pípé tí í lọ sọ́dọ̀ olùkọ́ nítorí eré. Irọ́ ni. Mo ń kọ ọ́ síbí kí ẹni tó bá fẹ́ bínú lè rí ohun tí yóò bínú sí.

Niamey, olú ìlú Niger, ni wọ́n bí mi sí, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni bàbá àti ìyá mi. Aṣọ ni a ń tà. Bàbá wa kú nígbà tí mo wà ní ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin, tí wọ́n fi ọdún mẹ́rìndínlógún jù mí lọ, ni wọ́n tọ́ mi dàgbà. Wọ́n kọ́ mi bí a ṣe ń ká aṣọ, wọ́n kọ́ mi bí a ṣe ń fi ìka méjì pa àǹkárá láti mọ èyí tí àwọ̀ rẹ̀ yóò ṣí. Odindi ọdún méjì ni mo fi ká aṣọ kí wọ́n tó jẹ́ kí n bá oníbàárà sọ̀rọ̀. N kò gbọ́ kí ẹnikẹ́ni sọ pé àbínibí ni kíká aṣọ. Ṣùgbọ́n bí a bá ti dé ìdí tábìlì biyáàdì, gbogbo wọn á ní àbínibí ni.

Tábìlì tiwa wà ní àdúgbò Banifandou, lábẹ́ òrùlé páànù kan. Lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú, lẹ́yìn ìrun àìlà, àwa oníṣòwò Yorùbá a máa péjọ síbẹ̀. Fún ẹni tí kò bá mọ eré náà, kò le: ọ̀pá gígùn kan la fi ń gbá bọ́ọ̀lù funfun lu àwọn yòókù kí wọ́n lè wọ ihò. Ẹni tó bá kó tirẹ̀ wọlé tán, tó sì gbá bọ́ọ̀lù dúdú wọlé kẹ́yìn, òun ló borí.

Kò sí ẹgbẹ́ mi tí n kì í nà níbẹ̀. Àwọn tí mo jù lọ kì í tilẹ̀ fẹ́ bá mi gbá. Ẹ̀gbọ́n mi nìkan ni n kò nà rí, láti ọdún mọ́kànlá, bẹ́ẹ̀ wọn kò mọ̀ ọ́n gbá tó bẹ́ẹ̀. Bí wọ́n bá ti borí, wọ́n á ní bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Gbogbo ènìyàn á rẹ́rìn-ín, èmi náà á bá wọn rín in. Mo gbà pé bí Ọlọ́run ṣe fẹ́ ẹ nìyẹn.

Ní ọdún tó kọjá lọ́hùn-ún, mo gbé aṣọ kọjá afárá odò ìlú wa lọ fún télọ̀ kan ní Harobanda, ní òdìkejì odò. Nígbà tí mo ń bọ̀, mo gba àdúgbò Lamordé kọjá, mo sì rí bàbá arúgbó kan, ọmọ ẹ̀yà Zarma tó ni ilẹ̀ ibẹ̀, tí wọ́n dúró ti tábìlì biyáàdì nítòsí odò. Orúnkún wọn ọ̀tún ti bàjẹ́, igi ni wọ́n fi ń tilẹ̀. Wọ́n ń kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì kan, wọ́n ní kí ó gbá bọ́ọ̀lù kan náà láti ojú kan náà ní ìgbà ogún. Mo rẹ́rìn-ín. Bàbá náà gbọ́, wọ́n na ọ̀pá sí mi pé kí n máa bọ̀.

Mo na akẹ́kọ̀ọ́ náà láìlàágùn. Lẹ́yìn náà bàbá pe ọ̀rẹ́ wọn kan, apẹja tí irun rẹ̀ ti funfun báláú, tí ojú rẹ̀ kò sì fi bẹ́ẹ̀ ríran mọ́. Apẹja yìí nà mí. Inú bí mi débi pé mo fẹ́ máa lọ láìdágbére. Ìgbà náà ni bàbá béèrè lọ́wọ́ mi, ní èdè Zarma, pé ibo ni mò ń sáré lọ.

Mo ní n kò sáré. Wọ́n ní nígbà tí mo ń bá akẹ́kọ̀ọ́ gbá, ìgbà mẹ́rin ni mo máa ń mí kí n tó gbá. Nígbà tó kan apẹja, n kì í tilẹ̀ mí lẹ́ẹ̀kan. Wọ́n béèrè bóyá ẹ̀rù rẹ̀ ló ń bà mí. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti jáde lẹ́nu mi láìrò ó tẹ́lẹ̀. Mo ní nílé wa, ọmọdé kì í dá àgbà dúró. Bí àgbà bá wà lórí ìdúró nítorí rẹ, ohunkóhun tó bá wà lọ́wọ́ rẹ, yára ṣe é kí ó lè rí ibi jókòó.

Ojú tì mí bí mo ti sọ ọ́ tán. Ọdún mọ́kànlá! Gbogbo àwọn tó ń bá mi gbá ni wọ́n ti rí ọwọ́ mi, kò sì sí ẹni tó rí àṣìṣe náà. Báwo ni wọn yóò ṣe rí i? Bí wọ́n ṣe tọ́ àwọn náà nìyẹn. Ohun tí olùkọ́ wà fún gan-an nìyí: ẹni tí kò bá ọ du ohunkóhun, tó dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, tó kàn ń wò ọ́. Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ ká pe àgbà ní wèrè. Ẹni tó bá ń dá gbá láti àárọ̀ di alẹ́, àṣìṣe rẹ̀ ló ń fọwọ́ ara rẹ̀ kọ́ di ọ̀gá.

Bàbá náà mi orí. Wọ́n ní, “Lọ́dọ̀ tiwa náà, a kì í dá àgbà dúró. Ṣùgbọ́n àgbà tó bá ti mú ọ̀pá lọ́wọ́, ó ti gbà láti dúró.”

Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń kọjá afárá ní gbogbo ọ̀sán Ọjọ́bọ̀. Páálí tíì kan àti ṣúgà ni wọ́n ń gbà lọ́wọ́ mi. Ẹ̀kọ́ náà kò ju ẹyọ kan lọ, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ pa mí: wọ́n á dúró lórí ẹsẹ̀ tó ń dùn wọ́n yẹn, wọ́n á kọ àga, wọ́n á ní kí n yí tábìlì po lẹ́ẹ̀kan kí n tó gbá, kí n sì mí lẹ́ẹ̀mẹrin. Mo bẹ̀ wọ́n títí kí wọ́n jókòó. Ohun tí wọ́n máa ń dá mi lóhùn kò ju “Kala suuru” lọ, pé kí n ṣáà ní sùúrù. Oṣù mẹ́ta kọjá kí n tó lè gbá níwájú wọn láìsáré.

Ẹ̀gbọ́n mi gbọ́. Ẹnu àwọn ènìyàn wa kì í dákẹ́. Wọ́n pè mí ní ìsọ̀ níṣojú oníbàárà, wọ́n béèrè bóyá lóòótọ́ ni mò ń fi ìsọ̀ sílẹ̀ lọ gbé tíì fún ará Zarma kí ó lè kọ́ mi ní eré. Wọ́n ní ṣé kò sí Yorùbá tó mọ̀ ọ́n gbá ni, ṣé àwọn kọ́ ni wọ́n kọ́ mi ni? Àtijọ́, ǹ bá ti dákẹ́. Lọ́jọ́ náà mo ní wọ́n kọ́ mi ní aṣọ, Ọlọ́run yóò san án fún wọn, ṣùgbọ́n wọn kò lè kọ́ mi ní ohun tí ẹnikẹ́ni kò kọ́ wọn. Wọ́n gbé aṣọ ọwọ́ wọn sílẹ̀. Wọ́n ní ó dáa, kí a pàdé nídìí tábìlì ní ọjọ́ Àìkú, ẹni tó bá kọ́kọ́ borí lẹ́ẹ̀mejì. Bí àwọn bá nà mí, n kò gbọdọ̀ lọ sọ́dọ̀ bàbá náà mọ́ láé; bí mo bá sì nà wọ́n, àwọn kò ní sọ̀rọ̀ rẹ̀ mọ́.

Mo gbà. N kì í yẹ àdéhùn, nítorí náà ẹ̀rù bà mí gidigidi.

Àwọn tó wá wòran kún abẹ́ páànù. Nínú eré àkọ́kọ́, bí mo ti bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ báyìí, ẹ̀gbọ́n mi hú ikọ́, wọ́n sì pa ẹsẹ̀ dà. N kò sọ pé wọ́n mọ̀ọ́mọ̀. Ọwọ́ mi ṣáà sáré fúnra rẹ̀, mo sì fìdí rẹmi. Nínú ìkejì, mo fi eyín há ètè mi, mo ń yí tábìlì po kí n tó gbá. Àgbàlagbà kan béèrè bóyá Kábà ni mò ń yí po bí alálàájì. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí. N kò bá wọn rín in, mo sì borí.

Ìkẹta dé ojú ẹ̀. Dúdú nìkan ló kù fún mi, bọ́ọ̀lù kan àti dúdú ló kù fún wọn. Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ọ̀nà rẹ̀ kò dá mi lójú, mo dìde, mo tún bẹ̀rẹ̀ sí yí tábìlì po.

Ẹ̀gbọ́n mi ní, “Ẹsẹ̀ ń ro mí o.”

Gbogbo ojú padà sí ọ̀dọ̀ mi. Mo mọ ohun tí ọmọ tí a kọ́ ń ṣe nígbà bẹ́ẹ̀, apá mi sì ti fẹ́ ṣe é. Mo nàró, mo kọjú sí wọn.

“Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má bínú. Àga wà lẹ́yìn yín. N kò tíì wò ó tán.”

Ẹnìkan ní “Astagifirulai” lábẹ́lẹ̀, ó ń tọrọ àforíjì Ọlọ́run. Ẹ̀gbọ́n mi kò jókòó. Mo yí i po dé ibi tí mo ti bẹ̀rẹ̀, mo mí lẹ́ẹ̀mẹrin, mo gbá a. Dúdú wọlé.

Ẹ̀gbọ́n mi gbé ọ̀pá lé orí tábìlì, wọ́n sì lọ. Wọ́n pa àdéhùn mọ́, wọn kò sọ̀rọ̀ nípa Lamordé mọ́. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà, wọn kò bá mi gbá mọ́. Ó dùn mí, n kò ní parọ́, nítorí àwọn ni bàbá tí mo mọ̀. Àwọn àgbà Banifandou ti rán mi níṣẹ́ léraléra pé kí n lọ tọrọ àforíjì, kí n sọ pé ẹ̀kọ́ ló bà mí jẹ́. Ẹ̀kọ́ kò bà mí jẹ́, n kò sì ní tọrọ àforíjì lórí èyí. Ní àràárọ̀ mo ń dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún ẹ̀gbọ́n mi níwájú ìsọ̀, àyà mi á kan ilẹ̀, n kì í sì í dìde títí wọn yóò fi ní kí n dìde. Bí wọ́n bá fẹ́ mú ọ̀pá lọ́la, kí wọ́n wá mú un. Wọn yóò dúró títí n ó fi wò ó tán.