Fíìmù Amùjẹ̀ Tí Ọkọ Mi Gbà Gbọ́

Àsìkò tí wọ́n ń fẹ ọ̀nà ẹ́síprẹ́ẹ̀sì Lẹ́kì ni mo wọlé ọkọ. Yàrá kan la gbà ní Ìkàtẹ́, eruku ọ̀nà sì ń bá wa jẹun. Aránṣọ ni mí. Bíríkìlà ni ọkọ mi, ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun ló ti wá, ó ń bá wọn kọ́lé ní ẹ̀bá ẹ́síteètì VGC. Ìjọ aláṣọ funfun ló ń lọ. Bí ó bá ti wọ sùtánà, kì í wọ bàtà títí yóò fi padà délé.

Ọkùnrin kan tó ń ta síídì ládùúgbò máa ń gbé tẹlifíṣọ̀n sẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ lọ́sàn-án Sọ́ńdè, a ó sì jókòó sórí bẹ́ǹṣì wòran. Lọ́jọ́ kan, fíìmù òyìnbó ló fi sí i. Ìyàwó kan wà nínú rẹ̀ tó rẹwà, tí aṣọ kì í pẹ́ lára rẹ̀. Bí ó bá ti gbá ọkùnrin mọ́ra lórí ibùsùn, tí onítọ̀hún ti gbàgbé ara rẹ̀, yóò ki eyín bọ̀ ọ́ lọ́rùn, yóò sì mu ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Kò fẹ́ rí oòrùn, kò sì fẹ́ gbóòórùn aáyù. Àwa obìnrin ń fi gèlè bojú, a sì ń yọjú wò ó lábẹ́ gèlè. Níkẹyìn, ọkọ rẹ̀ gbẹ́ igi ṣóńṣó, ó kàn án mọ́ ọn láyà lójú oorun. Àwọn ọkùnrin pàtẹ́wọ́. Tọkọ mi ló ròkè jù.

Ohun kan ń jẹ mí lọ́kàn. Ọkùnrin àgbàlagbà tó kọ́kọ́ fẹ́ obìnrin náà ló gé e jẹ, òun ló sọ ọ́ di amùjẹ̀. Wọ́n kàn fi í hàn fìrí ni, wọn ò sì dá a lẹ́jọ́. Mo sọ ọ́ fún ọkọ mi bí a ṣe ń lọ sílé.

Ó ní, "Ṣé o ò rí i pé obìnrin yẹn ló ń wá ọkùnrin fúnra rẹ̀? Ìyàwó gidi máa ń dúró kí ọkọ pe òun."

Èmi náà kì í sì í dúró kó pè mí. Lálẹ́ ọjọ́ yẹn, nígbà tí mo fẹnu kan ọrùn rẹ̀ bí mo ṣe máa ń ṣe, ó fò dìde bí ẹni tí iná jó.

Láti ìgbà náà ni ojú tó fi ń wò mí ti yí padà. Àsìkò yẹn gan-an ni ara mi ò dá mọ́. Oorun ọ̀sán ń gbé mi lọ, ìmọ́lẹ̀ ń gún mi lójú, mo sì máa ń ti fèrèsé pa.

"Kí ló dé tí o ń sá fún oòrùn?"

"Ó rẹ̀ mí ni, ẹ má bínú."

Bí ooru ṣe mú tó, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ṣẹ́ẹ̀tì sùn, ó sì ń di bọ́tìnnì rẹ̀ dé ọrùn. Lọ́jọ́ kan, òun tí kì í dé ìdí sítóòfù se ọbẹ̀ fún mi. Mo fi òkèlè kan sẹ́nu, òórùn aáyù gba imú mi, mo sá síta lọ bì. Nígbà tí mo gbójú sókè, kò dì mí mú. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń wò mí bí ẹni tí ìdáhùn ìbéèrè rẹ̀ ti dé.

Èmi náà wá ń fura. Ta ni mo fẹ́ yìí gan-an?

Ọjọ́ tí mo ń pààrọ̀ aṣọ ibùsùn, mo rí èkàn igi kan lábẹ́ fóòmù, níbi tó máa ń sùn sí. Irú èyí tí wọ́n ń gbá mọ́lẹ̀ ta okùn sí nígbà tí wọ́n bá fẹ́ fi ìpìlẹ̀ ilé lélẹ̀ ni, ṣùgbọ́n wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbẹ́ ẹnu rẹ̀ ṣóńṣó bíi ti inú fíìmù.

"Kí lèyí?"

"Èkàn ibi iṣẹ́ ni."

"Ṣé orí bẹ́ẹ̀dì la ti fẹ́ fi ìpìlẹ̀ lélẹ̀ ni?"

Mo mú èkàn náà, mo kọrí sọ́dọ̀ ìyá ìjọ wọn. Wọ́n ti gbọ́. Ọkọ mi ti ní kí wọ́n bá òun gbàdúrà nítorí mi. Ìyá fa ìpéǹpéjú mi sílẹ̀, wọ́n bi mí ìgbà tí mo rí nǹkan oṣù mi kẹ́yìn, wọ́n sì ránṣẹ́ pe ọkọ mi.

"Aboyún ni aáyù ń rìn nínú, ìwọ ń pè é ní amùjẹ̀?"

Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja, ó ń sunkún. "Ẹ̀rù ló bà mí, ìyá."

Ọjọ́ yẹn ni mo kọ́kọ́ pe ọkọ mi ní ìwọ. "Ká ní n kò lóyún ńkọ́? Kí ni ìwọ ì bá fi èkàn yẹn ṣe?"

Ẹkún ló tún bú sí. Mo kó ẹrù mi lọ sọ́dọ̀ àǹtí mi ní Ajah, ibẹ̀ ni mo sì bímọ sí. Gbogbo Sọ́ńdè ni ọkọ mi ń ti ìjọ wá láìwọ bàtà, pẹ̀lú ọsàn nínú báàgì. Àǹtí mi ò jẹ́ kó kọjá pálọ̀.

Lẹ́yìn ìkómọ, mo tún bi í léèrè ọ̀rọ̀ èkàn náà. Ó wolẹ̀.

"Èmi ni mo gbẹ́ ẹ. Mo mú un dání lẹ́ẹ̀kan tí o sùn lọ́sàn-án. O rẹ́rìn-ín lójú oorun, mo bá dá a padà."

Mo gbé ọmọ mọ́ra. Àmọ́ mo mọ̀ pé kò purọ́ fún mi. Ní oṣù tó tẹ̀ lé e, mo padà sílé ọkọ mi. Àǹtí mi bi mí ìdí tí mo fi padà, mo ní nítorí pé ó sọ òtítọ́ tí ì bá fi pamọ́ ni.