Ọpẹ́ Tí Màmá Lọ Gbà Padà

Lọ́jọ́ tí káńsẹ́lọ̀ wá ṣí ẹ̀rọ omi àdúgbò wa ní Adígbẹ, èmi ni wọ́n ní kí n bá gbogbo ilé dúpẹ́. Fóònù ni mò ń tún ṣe, ìwé tí mo kà ò pọ̀, àmọ́ wọ́n ní ẹnu mi dùn.

Màmá àgbà tí yàrá wọn kọjú sí ṣọ́ọ̀bù mi fà mí láṣọ. Orúnkún ń dùn wọ́n, síbẹ̀ àwọn fúnra wọn ló ń pọnmi láti kànga ọ̀nà jíjìn.

"Bi í pé ta ni yóò máa tún un ṣe."

"Màmá, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ dúpẹ́ ná."

Mo dọ̀bálẹ̀, mo ṣàdúrà fún káńsẹ́lọ̀ títí dórí ọmọ ọmọ, àfi bíi pé àpò ara rẹ̀ ló ti mú owó ẹ̀rọ náà. Mi ò bi í ní nǹkan kan. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, gbogbo wa tún lọ sílé rẹ̀ lọ kí i pé ẹ ṣé àná, bí a ti máa ń ṣe fún ẹni tó bá ṣe wá lóore.

Kò pẹ́ tí omi fi dá. Ẹni tó gba iṣẹ́ ẹ̀rọ náà ti wá yọ pọ́ńpù rẹ̀ lọ. Nígbà tá a dé ọ́fíìsì káńsẹ́lọ̀, ó rẹ́rìn-ín.

"Ṣebí ẹ̀yin náà lẹ wá dúpẹ́? Ìjà ló wá kàn báyìí?"

Àdúrà tí mo ṣe ṣì wà létí gbogbo èèyàn.

Màmá bọ́ síwájú. "A ò bá ọ jà, ọmọ mi. Ọpẹ́ mi ni mo wá gbà padà."

"Ọpẹ́ kẹ̀? Màmá, báwo lẹ ṣe fẹ́ gba ọpẹ́ padà?"

"Èyí tí mo fi orúnkún tó ń dùn mí yìí kúnlẹ̀ ṣe nílé rẹ. Dá a padà, kí n máa lọ."

Ẹ̀rín kúrò lójú rẹ̀. Ó fa àga sílẹ̀ fún wọn, wọn ò jókòó. Ó wá sọ ọ́ jẹ́jẹ́ pé torí fọ́tò ọjọ́ yẹn nìkan ni wọ́n ṣe gbé pọ́ńpù wá, pé òun mọ̀, àmọ́ ẹ̀rù àwọn ọ̀gá ń ba òun. Àánú ẹ̀ ṣe mí. Ẹ̀rù tèmi náà kọ́ ló pa mí lẹ́nu mọ́ lọ́jọ́ yẹn?

"Èmi náà wá gba tèmi, sà," mo ní.

Ó dìde, ó bá wa lọ sọ́dọ̀ ọ̀gá rẹ̀. Ó pẹ́ kí pọ́ńpù tó padà dé, ṣùgbọ́n ó dé. Àwọn ará àdúgbò tún ń tì mí síwájú pé kí n dúpẹ́. Màmá ti gbé kẹ́ẹ̀gì wọn sẹ́nu ẹ̀rọ.

"Ẹ jẹ́ kí kẹ́ẹ̀gì Màmá kún ná," ni mo wí.